Ẹ Bi Àǹtí Fàmásì: Kinní Ò Dúró Mọ́, Èwo Ni Kí N Lò Nínú Gbogbo Oògùn Yìí?

Ìbéèrè: Àǹtí Fàmásì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ orúkọ mi síbẹ̀, ẹ kàn pè mí ní Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn ni mo wà, sípéà páàtì mọ́tò ni mò ń tà, ọmọ ọdún 52 sì ni mí. Ọ̀rọ̀ yìí ti lé lọ́dún kan báyìí. Kinní mi máa ń dìde díẹ̀ àmọ́ ká tó ṣe nǹkan gidi ó ti rọ̀, ìgbà míì sì wà tí ò tiẹ̀ dá mi lóhùn rárá. Ìyàwó mi ò bú mi o, àmọ́ mo mọ̀ pé ó ń rò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, Moduretic ni dókítà kọ fún mi nígbà yẹn, tó bá ti tán mo kàn ń lọ ra òmíì ni. Lóru mo máa ń dìde tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gáréèjì mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá elágbo, ó bu àlè fún mi sínú ike omi, ká sòótọ́ ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ orí fọ́ mi dọjọ́ kejì, ojú mi pọ́n, àyà mi ń lù kì kì kì. Ẹlòmíì ní hóró aláwọ̀ búlúù ni kí n lò, àbúrò mi ní kí n lọ gba abẹ́rẹ́ họ́mónù, pé ó ń sọ àgbà dọ̀dọ́, ẹnìkan tún ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ sí i. Orí mi ti dàrú. Èwo ló dáa jù níbẹ̀ tí ò ní pa mí?

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin nìkan kọ́ o. Ẹ wá dúró lẹ́yìn káńtà wa nírọ̀lẹ́ Fráìdè kẹ́ ẹ wòran. Ọkùnrin á wọlé, á ra Panadol, á ra Vitamin C, á máa wo ògiri bí ẹni ń kàwé, títí gbogbo èèyàn á fi jáde tán, ìgbà yẹn lá wá sún mọ́ mi, á ní "Àǹtí, ẹ tún bá mi mú... ẹ̀yin náà ẹ ṣáà mọ̀." Mo mọ̀ kẹ̀. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1994, rí i pé nínú àwọn ọkùnrin tó wà láàárín ọdún 40 sí 70, ìdá 52 nínú 100 ló ní ìṣòro yìí, tàwọn kan kéré, tàwọn kan pọ̀. Ẹ ò ya akúra, ẹnikẹ́ni ò sì fi nǹkan ṣe yín.

Àmọ́ ẹ̀yìn ni ìbéèrè yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń bi mí pé oògùn wo, ẹnikẹ́ni ò tíì bá yín wo ohun tó fà á.

Kinní yẹn ò léegun nínú, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dúró. Tí nǹkan bá ń wu ọkùnrin, ọpọlọ á ránṣẹ́ sísàlẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wọ ibẹ̀ á là, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, á sì há síbẹ̀ kó má tètè jáde. Iṣan yìí ò tóbi rárá, bíi mìlímítà 1 sí 2 ni, nígbà tí àwọn tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn fúnra ẹ̀ tó 3 sí 4. Ṣúgà, ọ̀rá, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, gbogbo iṣan ara ni wọ́n jọ ń bà jẹ́, àmọ́ páìpù tó tín-ín-rín jù ló máa ń kọ́kọ́ dí. Ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi ń kíyè sí i gan-an tí ọkùnrin tó ti lé ní 40 bá ní kinní òun ò dúró mọ́, torí ó lè ṣáájú àìsàn ọkàn ní bí ọdún méjì sí márùn-ún. Ẹni tó bá kàn ń gbé hóró mì tí ò ṣàyẹ̀wò, ó ti pa ẹnu ẹni tó ń kìlọ̀ fún un dé nìyẹn.

Nǹkan méjì wà nínú lẹ́tà yín tó mú mi dúró. Àkọ́kọ́ ni Moduretic yẹn. Oògùn tó ń mú omi jáde lára ni, hydrochlorothiazide wà nínú ẹ̀, ó sì wà lára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè mú kinní rọ̀, atenolol àti propranolol náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn bíi losartan àti amlodipine kì í sábà fà á. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ jáwọ́ ńbẹ̀ lónìí, torí mo ti ń rí wọn, wọ́n á kà á níbì kan, wọ́n á da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù nítorí ìyàwó, wọ́n á wá ní rọpárọsẹ̀. Ohun tí mo ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ la ẹnu yín, kẹ́ ẹ sọ pé "láti ìgbà tí mo ti ń lo èyí, báyìí báyìí ni nǹkan mi ṣe ń ṣe," ó ṣeé ṣe kó pààrọ̀ ẹ̀ fún yín. Àti pé kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ kàn ń ra oògùn lọ láìjẹ́ pé wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yín wọ̀n?

Ìkejì ni ìtọ̀ òru. Ó lè jẹ́ ṣúgà ló ti wọlé, ó lè jẹ́ próstéètì, ẹ̀yà ara tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ọkùnrin ká, ó sì lè má ju pé alẹ́ lẹ ń lo Moduretic yẹn, torí ẹni tó bá lò ó lálẹ́ á tọ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ò lè fojú mọ̀ ọ́n, èmi náà ò lè ti inú ìwé ìròyìn mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ sí UCH, tàbí Adéọ̀yọ́, tàbí ọsibítù tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò kẹ́ ẹ tó jẹun àárọ̀, kí wọ́n sì ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n wo ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n bá yín wo próstéètì. Tí wọ́n bá fẹ́ wo họ́mónù, ẹ rí i pé ẹ débẹ̀ láàárọ̀, kó tó di aago mọ́kànlá, torí ó máa ń lọ sílẹ̀ tó bá dọ̀sán, wọ́n á wá kà á sí i pé kò pọ̀ tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ oògùn.

Hóró aláwọ̀ búlúù yẹn, Viagra lorúkọ tí ilé iṣẹ́ Pfizer fún un, sildenafil ni oògùn inú ẹ̀ gan-an. Oògùn àyà dídùn ni wọ́n ń wá nílùú Sandwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kó sí èyí, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 1998. Lónìí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ló ń ṣe sildenafil, ìyẹn ló jẹ́ kówó ẹ̀ wálẹ̀. Èmi gba tiẹ̀ o. Oògùn tó dáa ni, iṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣe ló ń ṣe, àwa èèyàn ni a ò mọ̀ ọ́n lò. Ó máa ń wá ní mìlígíráàmù 25, 50 àti 100, 50 ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lò ó ní bíi wákàtí kan ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jẹ àmàlà gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ẹran ọlọ́ràá yó bámúbámú, torí ọ̀rá oúnjẹ kì í jẹ́ kó tètè wọ ara. Àwọn kan á gbé e mì tán, wọ́n á dùbúlẹ̀ sójú kan wọ́n á máa wo bọ́ọ̀lù, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Báwo ló ṣe fẹ́ ṣiṣẹ́? Kì í dá gbé kinní dìde, àfi tí ara bá ti ń fẹ́ ẹ, tí tọkọtaya ti ń bá ara wọn ṣeré. Tí ẹ̀ẹ̀kan ò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì jù ú nù, ẹ ṣe é dáadáa nígbà bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ kẹ́ ẹ tó sọ pé kò bá yín lára mu. Orí lè fọ́ yín, imú lè dí, ojú lè gbóná, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, á lọ.

Èkejì ẹ̀ ni tadalafil, tí wọ́n ń pè ní Cialis. Òun pẹ́ lára jù, ó lè tó wákàtí 36, oúnjẹ kì í sì í dí i lọ́wọ́. Ó tún ní èyí tó kéré, 5, tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ kó má baà jẹ́ pé ó ń wo aago kó tó súnmọ́ ìyàwó ẹ̀, òun kan náà sì ni wọ́n ń fún àwọn tí próstéètì ń dà láàmú kí ìtọ̀ lè rọrùn. Tó bá jẹ́ próstéètì ló ń jí yín lóru, òkò kan lè pa ẹyẹ méjì fún yín nìyẹn, àmọ́ ẹ̀yìn rọra ń dun àwọn kan tí wọ́n bá lò ó.

Ibi tí ikú wà nìyí. Ẹni tó bá ń lo oògùn àyà tó ní nitrate nínú, bíi isosorbide dinitrate, tàbí èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n tí àyà bá ń dùn wọ́n, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sildenafil tàbí tadalafil rárá, torí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má sì padà gòkè. Bákan náà tí àyà bá ń dun ẹni tó ti lo ọ̀kan nínú méjèèjì, kó má tijú, kó sọ fún dókítà pé òun lò ó, torí wọn ò gbọ́dọ̀ fún un ní nitrate fún wákàtí 24 lẹ́yìn sildenafil, wákàtí 48 lẹ́yìn tadalafil. Ẹni tó bá sì ń lo tamsulosin tàbí doxazosin, tí wọ́n ń lò fún próstéètì tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí dókítà mọ̀ sí i, kí wọ́n fi èyí tó kéré bẹ̀rẹ̀, kó má lọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kó ṣubú.

Ọ̀rọ̀ àlè wá kàn. Mi ò bá ìyá elágbo jà, agbo ni ìyá tèmi náà fi tọ́ mi. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣe yín: kinní dìde gírígírí lọ́jọ́ kan náà, orí fọ́, ojú pọ́n. Ó jọ sildenafil létí mi o! Kì í ṣe ẹ̀sùn ni mò ń fi kàn án, mi ò mọ ohun tó wà nínú ike yẹn, òun náà sì lè má mọ ohun tí ẹni tó tà á fún un lọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà, àìmọye ìgbà ni FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn níbẹ̀, ti mú oògùn tí wọ́n kọ "ewé àti egbò nìkan" sí lára, tí wọ́n wá bá sildenafil tàbí tadalafil nínú ẹ̀. Kì í wá ṣe pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́ ni wàhálà ibẹ̀, wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ ò mọ iye tẹ́ ẹ mu, 50 ni àbí 300? Tó bá sì jẹ́ burantashi ló wà níbẹ̀, èèpo igi tí àwọn Hausa máa ń tà nídìí sùyà yẹn, yohimbine inú ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, á sì mú kí àyà máa lù kìkì bẹ́ ẹ ṣe wí. Olóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi tiyín, mi ò ní gbà kó tún un mu.

Abẹ́rẹ́ họ́mónù tí àbúrò yín ń sọ, testosterone ni. Tí àyẹ̀wò àárọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì bá fi hàn pé tiyín ti lọ sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé obìnrin ò tiẹ̀ wù yín mọ́ rárá, ó lè wúlò. Tó bá pé pérépéré lára yín, ẹ kàn ń fowó ṣòfò ni, torí kì í la iṣan tó ti dí. Ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ki jù, ẹni tó ní jẹjẹrẹ próstéètì ò gbọ́dọ̀ dá a gbà, ẹni tó bá sì ṣì ń wá ọmọ kó sá fún un, ó ń pa àtọ̀.

Tí hóró ò bá ṣiṣẹ́, tàbí tí nitrate ò jẹ́ kẹ́ ẹ lè lò ó, ọ̀nà ṣì kù. Páńpù kan wà tí wọ́n ń ki kinní bọ̀, á fa afẹ́fẹ́ jáde kí ẹ̀jẹ̀ lè wọlé, wọ́n á wá fi rọ́bà dè é nídìí, rọ́bà yẹn ò gbọ́dọ̀ ju 30 mínítì lọ. Kò dùn ún wò, àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ẹ̀kan ni, kì í sì í bá nitrate jà. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni kó kọ́kọ́ bi dókítà. Abẹ́rẹ́ náà wà, alprostadil, tí ọkùnrin á fọwọ́ ara ẹ̀ gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kinní lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ́ ọ. Ẹ má pariwo, abẹ́rẹ́ ẹ̀ tín-ín-rín. Lọ́dún 1983 ní Las Vegas, dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Giles Brindley, gún ara ẹ̀ lábẹ́rẹ́ irú ẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kó tó lọ bá àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wá bọ́ ṣòkòtò níwájú gbogbo wọn kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Bàbá yẹn láyà o. Iṣẹ́ abẹ ló gbẹ̀yìn, wọ́n á ri nǹkan sínú kinní tí èèyàn á máa fọwọ́ tẹ̀ kó lè dúró, láti ọdún 1973 ni èyí tó ń wú tó sì ń rọ̀ ti wà. Àwọn tó ṣe é máa ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, tí wọ́n bá sì ti ṣe é tán kò sí pé a fẹ́ padà síbi tá a ti ń bọ̀. Kì í ṣe ohun tẹ́ni tí ò tíì ṣe tẹ́ẹ̀sì ṣúgà á máa rò.

Ká ní ẹ̀gbọ́n mi ni yín, ohun tí màá sọ ni pé ẹ gbé àlè yẹn jù, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ọ̀rọ̀ Moduretic yẹn, tí ọkàn yín bá sì dáa, ẹ jẹ́ kó kọ tadalafil fún yín kí sildenafil tó kàn. Owó họ́mónù yẹn, ẹ fi san owó láàbù.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé. Ọkọ mi, tíṣà ni, ọmọ ọdún 49, kò fọwọ́ kàn mí mọ́ láti bí oṣù mélòó kan, pálọ̀ ló ń sùn, ó ní ooru ń mú òun. Ni mo bá ń fọṣọ ẹ̀, mo bá káàdì oògùn kan nínú àpò ṣòkòtò, hóró méjì ti kúrò níbẹ̀. Mo mú un lọ béèrè, wọ́n ní oògùn agbára ọkùnrin ni. Èmi tí ò fọwọ́ kàn, ta ló wá ń lò ó fún? Mo ti fi tó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin létí, ìyẹn ti pè é, ilé ti dàrú.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mi ò lè bá yín búra pé kò sí obìnrin níta. Àmọ́ mo máa sọ ohun tí mò ń rí. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń ra hóró yìí lọ́wọ́ mi, tìyàwó ilé ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó ti kùnà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì ẹ̀rù ti ń bà á kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù yẹn fúnra ẹ̀ á tún mú un rọ̀, kó tó mọ̀ ó ti ń sá fún bẹ́ẹ̀dì. Ooru kọ́ ló lé e lọ sí pálọ̀. Hóró méjì tó kúrò nínú káàdì, ó lè jẹ́ pé ó lò ó kó lè wá bá yín, kò sì ṣiṣẹ́ torí ó ti jẹun yó tàbí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ó bá sùn síbẹ̀.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn káàdì yẹn. Tó bá jẹ́ tramadol ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn, torí àwọn kan ń lò ó kó lè pẹ́, ó ń di bárakú, tó bá sì pẹ́ lára òun gan-an á wá pa kinní náà.

Ohun kan wà tí dókítà máa bi í: ṣé ó ṣì máa ń dìde fúnra ẹ̀ láàárọ̀ tó bá jí? Tó bá ń dìde láàárọ̀ tí kò dìde fún ìyàwó, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn, àníyàn, gbèsè, ìjà tí ẹ ò tíì parí. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà lè fà á. Tí kò bá dìde láàárọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀. Ní ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ẹ pè é padà, ẹ ní ẹ ti ń bójú tó o, kó má dá sí i mọ́. Kí ọkùnrin máa gbọ́ ọ̀rọ̀ abẹ́ ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, ìtìjú wo ló tún kù? Ẹ dúró dìgbà tí ẹ ò bá jà, tí àwọn ọmọ ti sùn, ẹ wá sọ fún un pé "Dádì, mo rí oògùn yẹn, mi ò bínú, mo fẹ́ ká jọ lọ rí dókítà." Ẹ ti ibẹ̀ wò ó. Tó bá sanra tàbí tó ń mu sìgá, ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kó yá díẹ̀, bíi 40 mínítì lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, kí ẹ fún un ní oṣù mẹ́fà. Ìwádìí ti fi hàn pé ìyẹn nìkan ń ran ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Àǹtí, Peckham ni mo wà ní London, ọmọ 45, SC ni mí. Àbúrò mi ń bọ̀ láti Lagos, ó ní òun lè bá mi kó sildenafil wá, pé ó wọ́n pọ́ọ́kú. Ṣé kí n gbà á?

Ìdáhùn: Bọ̀ọ̀dá Peckham, rárá o. Láti ọdún 2018 lẹ ti lè wọ fàmásì níbẹ̀ kẹ́ ẹ ra Viagra Connect, 50, láìsí ìwé dókítà, fàmásísìtì á kàn bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ ni, GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, náà sì lè kọ sildenafil fún yín. Kí lẹ wá fẹ́ fi oògùn tí ẹ ò mọ ibi tó ti wá ṣe? Àmọ́ tiyín le díẹ̀, torí SC yẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ SS tàbí SC, kinní ẹ̀ lè dìde kó má wálẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ á há síbẹ̀, á máa dùn ún, tó bá pẹ́ ó lè bà á jẹ́ pátápátá. Nítorí náà ẹ má rà á fúnra yín ní káńtà, ẹ bá dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ síkù sẹ́ẹ̀lì yín sọ̀rọ̀ ná, kẹ́ ẹ sì sọ fún un tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí láìlo oògùn kankan. Tó bá fi lè dìde tí kò wálẹ̀ títí wákàtí méjì, ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù (A&E) tààrà, lóru ni o, lọ́sàn-án ni o, ẹ má jókòó sílé máa da omi tútù sí i, bẹ́ ẹ bá sì ti débẹ̀ ẹ tètè sọ pé SC ni yín, kẹ́ ẹ sọ oògùn tẹ́ ẹ lò àti aago tẹ́ ẹ lò ó.